Yàtọ̀ sí owó, kín ló ń mú inú yín dùn nínú ìlú tó le báyìí?

ỌmọTákíè (ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo ní kí n gbé wá síbí. Iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mò ń tún un ṣe, mo sì ń ta ṣájà àti íápíìsì, gbogbo ẹni tó bá sì ti jókòó dè mí kí n bá a pààrọ̀ sikirínì, ìyà ló máa ń rò fún mi, ọ̀rọ̀ epo, ọ̀rọ̀ iná, owó ilé ìwé ọmọ. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, mi ò tíì rí oníbàárà kan tó jókòó tó ní "gbọ́ ná, nǹkan kan dùn mọ́ mi nínú lánàá". Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá àgbàlagbà kan gbé fóònù tọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n ní kò gba iná mọ́, mò ń tú u lọ́wọ́, wọ́n kàn ń dá rẹ́rìn-ín. Mo ní bàbá kí ló dé? Wọ́n ní máńgòrò táwọn gbìn sẹ́yìnkùlé ti ń yọ òdòdó, àwọn ò mọ̀ bóyá àwọn á jẹ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá àwọn lójú pé àwọn ọmọ àdúgbò á máa jù ú lókò.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára jàre. Ìbéèrè mi rè é: yàtọ̀ sí owó, yàtọ̀ sí "Ọlọ́run á ṣe é", kín ló ń gbé ẹ̀mí yín sókè lójúmọ́? Nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń ṣe tàbí tẹ́ ẹ̀ ń rí fúnra yín. Ẹ má wàásù fún mi o, ìyá mi ń wàásù tó nílé.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ń pè é fún un, tó bá gùn ẹ má bínú.

Èlùbọ́ ni mò ń tà, mo sì ń ṣe é fúnra mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń jẹ àmàlà, ẹ ò mọ ohun tójú isu rí kó tó débẹ̀. A ó bẹ isu, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, kò gbọdọ̀ jinná o, tó bá ti jinná ó ti bàjẹ́ nìyẹn, a ó wá bò ó mọ́nú omi ẹ̀ di ọjọ́ kejì ká tó máa sá a sóòrùn. Nígbà òjò, wàhálà ni. A sá a, a kó o, a tún sá a, tí òjò bá pàdé ẹ̀ kó tó gbẹ, ó ti bu, owó ti wọmi. Ẹ wá wo ìgbà tí ọyẹ́ bá dé bíi tìsinsìnyí. Gbogbo ayé ń bú ọyẹ́ pé ó ń la àwọn létè, ó ń la àtẹ́lẹsẹ̀, èmi inú mi á máa dùn ni. Ọyẹ́ ló ń bá mi gbẹ gbodo, isu tá a sá yẹn. Á gbẹ débi pé tí mo bá mú méjì lu ara wọn, á máa dún kọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀. Tí mo bá gbọ́ ìró yẹn láàárọ̀ kùtù tẹ́nì kankan ò tíì jí nínú ilé, orí ìdúró ni mo ti ń dúpẹ́. Mi ò kúnlẹ̀, mi ò dijú. Mo kàn ní "Olúwa, mo rí ọ o". Àwọn kan á ní ìyẹn kì í ṣe àdúrà. Lọ́dọ̀ tèmi àdúrà ni.

Oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ní ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ẹni tó bá jẹ ọkà láàárọ̀, ìbànújẹ́ ò lè tètè rí i mú, ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

KòSówóUnderG
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ o, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Yunifásítì LAUTECH ni mo wà, ojú mi ti rí tó. Ìrètí yìí náà ni wọ́n ti ń tà fún wa látìgbà tá a ti wà ní kékeré. Pásítọ̀ ń tà á, ààfáà ń tà á, olóṣèlú pàápàá fi polongo ìbò ní 2023, "Renewed Hope", ìrètí ọ̀tun, ẹ wo ibi tó gbé wa dé. Ẹni tí kò jẹun láti àná, ẹ ní kó lọ máa gbọ́ bí gbodo ṣe ń dún. Lójú tèmi ńṣe lẹ̀ ń kọ́ èèyàn bó ṣe máa gba ìyà mọ́ra. Tí inú gbogbo wa bá wá ń dùn báyìí, ta ló máa bínú sí àwọn tó kó wa síbí?

ỌmọTákíè
Ọ̀rọ̀ ẹ kì í ṣe ìsọkúsọ rárá, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ ká gbọ́ táwọn yòókù ná.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún ni mo wà, mi ò ní sọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn èèyàn tí kò sówó lọ́wọ́ wọn tí wọ́n sì ń jó, kó wá sí kílíníìkì aláboyún láàárọ̀. Kí dókítà tó dé, orin la ó máa kọ. Orin yẹn kì í ṣe ti ìjọ kankan, Mùsùlùmí ń kọ ọ́, onígbàgbọ́ ń kọ ọ́, ẹ̀kọ́ ló wà nínú ẹ̀: ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fóṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ sómi, kò gbọdọ̀ ságbo, inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kẹ́ ẹ máa sùn, ẹ gba abẹ́rẹ́ yín pé. Obìnrin tí oyún ẹ̀ ti wọ oṣù, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, á dìde, á fọwọ́ ti ìbàdí, á jó. Mo mọ èyí tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀, tí kò mọ ibi tí owó ìgbẹ̀bí á gbà wá, òun ló jó ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ yẹn.

Lóru ńkọ́? Tí iná bá lọ, tá a fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí, tí ọmọ wá ké, gbogbo wọ́ọ̀dù ló máa rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tó ń rọbí lọ́wọ́. Igbe yẹn kan náà ni mo ń gbọ́ látọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò tíì sú mi. Ìdílé Bàtíìsì ni mo ti wá o, ìyá ìyá mi kì í sinmi nínú ìtàn bí Bowen òyìnbó ṣe mú ìhìnrere wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dàgbà sí, mo ṣì ń lọ. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, inú wọ́ọ̀dù ni ẹ̀mí mi ti máa ń jí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, oorun ni mo máa ń sùn (ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nìkan ló lè mọ ohun tí mò ń sọ).

KòSówóUnderG
Àǹtí, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Wọ́n jó, ó dáa. Ìgbà tí wọ́n jó tán ńkọ́?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Ìgbà tí wọ́n jó tán? Nígbà kan tí omi ẹ̀rọ ò yọ ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń ní káwọn èèyàn máa pọnmi wá látilé, àwọn tó ń jó yìí náà ló kó ara wọn jọ pẹ̀lú ikùn ńláńlá, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá. Orin kílíníìkì ni wọ́n ń kọ níbẹ̀! Wọn ò dìde títí wọ́n fi wá ẹni tó máa tún ẹ̀rọ ṣe. Má rò pé ẹni tó ń jó ò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú.

ÀsáláátùSáńdè
Salaam alaykum gbogbo ilé. Ọmọ Under G, mi ò ní sọ pé kí ebi má dun ẹni tí ebi ń pa, Ànábì wa gan-an pebi mọ́nú. Àmọ́ Ànábì náà ló sọ pé ẹ̀rín músẹ́ sí ojú ọmọnìkejì, sàráà ni. Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ náà rí nǹkan yọ ní sàráà.

Tèmi ò ju pé tí mo bá kírun àsùbáà tán, tí mi ò sá padà sórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo jókòó sórí ẹní títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, ọjọ́ yẹn kì í wúwo fún mi. Ọjọ́ tí mo bá sá padà lọ sùn, ìjà ni mo máa ń bá jí. Ohun kejì, ní àsáláátù wa láàárọ̀ Sáńdè, wọ́n máa ń ní kí ẹni tó bá ní ọpẹ́ dìde. Ẹnì kan á dúpẹ́ torí ọmọ yege ìdánwò, ẹnì kan á dúpẹ́ torí orúnkún tó ń ro ó ti ṣe é tẹ̀. Màmá kan wá dìde lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn dúpẹ́ torí pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sáwọn rárá lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí tibi, kò sí tire. A rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú wa. Látìgbà náà, tí ọ̀sẹ̀ bá parí tí fóònù ò dún lóru, màmá yẹn ni mo máa ń rántí.

ỌmọAwoỌ̀yọ́
Mo kí yín láti Ọ̀yọ́ Aláàfin o. Tàwa onísẹ̀ṣe náà rè é. Mi ò kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kí n tó fomi yọ́nu. Mo bá ti yọ́nu, mo fọwọ́ kan orí mi, mo bá a sọ̀rọ̀, kò gùn. Orí la máa ń kọ́kọ́ kí, torí kò sóòṣà tíí dá ni í gbè lẹ́yìn orí ẹni. Ọ̀sẹ̀ tiwa ọjọ́ mẹ́rin ni, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ọbàtálá, gbogbo ẹ̀ ló lólúwa ẹ̀. Ẹ ò rí ọjọ́ lásán kankan níbẹ̀. Bí èèyàn bá fi bẹ́ẹ̀ ka ọjọ́ láti kékeré, kò ní máa sọ pé "ọjọ́ kan ṣáá ni".

Ní 2023, UNESCO kọ ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ mọ́ àwọn àṣà tí wọ́n ń dá mọ̀ káàkiri àgbáyé. Àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń bá wa ya fọ́tò. Ó dùn mọ́ mi o, mi ò purọ́, àmọ́ ayọ̀ tèmi ni bàtá, ìgbà tó bá kọ́kọ́ dún kí èrò tó pé, tó jẹ́ àwa díẹ̀ la wà níbẹ̀ tí eruku ò tíì sọ. Ara mi á bù máṣọ. Mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè pè é ju pé ẹnì kan jí nínú mi.

Ìránṣẹ́Ọba
Ẹ dákun, kí a má máa da omi pọ̀ mọ́ epo níbí. Òrìṣà ò lè fún èèyàn láyọ̀ tòótọ́. Inú Jésù nìkan ni ìrètí wà, ìyókù ẹ̀tàn ni.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́
Ìwọ ọmọ yìí, ohun tó ń dùn mọ́ wa ni wọ́n bi wá, wọn ò bi wá lẹ́sìn. Èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì o. Sọ tìẹ, kín ló dùn mọ́ ẹ láàárọ̀ yìí?

Ìránṣẹ́Ọba
Mo kàn ń sọ òtítọ́ ni, màmá.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́
Mo ti gbọ́ òtítọ́. Kín ló dùn mọ́ ẹ?

Alábòójútó
Mo ti yọ ìfèsì méjì kúrò lábẹ́ eléyìí. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí ẹ̀sìn kó wá ibòmíì lọ. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Ìránṣẹ́Ọba
Ó dáa. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń súfèé. Kò tíì dún, atẹ́gùn nìkan ló ń jáde, ó sì ń súfèé ọ̀hún kiri ilé látàárọ̀. Ó tẹ́ yín lọ́rùn?

ÌyáẸlẹ́lùbọ́
Ó tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀. Ọlọ́run á dá a sí fún ẹ.

AláṣọÀkẹ̀sán
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ látàná, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sí ti ọmọ Under G. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nínú ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tó jóná lóṣù kìíní ọdún 2020. Aṣọ ni mò ń tà. Ẹ mọ bí aṣọ ṣe ń jó, mi ò rí ẹyọ kan mú jáde. Àwọn èèyàn wá ń kí mi, "Ọlọ́run ló mọ ìdí ẹ̀", "ẹ̀mí tó bá wà ló nírètí", inú wọn ni ń bí mi, mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ìyàwó kan wà n'Ìbàdàn tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ lówó kí iná tó ṣẹ́. Mo rí ìpè ẹ̀ mi ò gbé e, mo rò pé owó ló fẹ́ gbà. Nígbà tí mo wá gbé e, ó ní kí n wá kó ọjà lé ti tẹ́lẹ̀. Mo ní ṣé o ò gbọ́ pé ọjà jóná ni? Ó ní òun gbọ́, òun ò wá gbàdúrà fún mi o, owó òun lòun fẹ́ kí n rí san, mi ò sì lè rí i san láìtajà.

Mo lọ kó o. Mo pàtẹ lórí tábìlì létí títì, nínú oòrùn, mo fi gèlè bojú torí ojú ń tì mí. Nígbà tó yá ìjọba ìpínlẹ̀ tún ọjà kọ́, a padà wọlé. Ìwọ ní ìrètí ń jẹ́ kéèyàn gba ìyà mọ́ra. Kò jẹ́ kémi gbà á mọ́ra o. Ẹni tí kò nírètí kì í gbàwìn.

KòSówóUnderG
Màmá, ẹ kú orí ire. Ṣùgbọ́n òwò nìyẹn, àwìn ni. Kín ló kan ẹ̀mí níbẹ̀?

AláṣọÀkẹ̀sán
Tí ẹ̀mí bá fẹ́ ṣèèyàn lóore, ọwọ́ ta ló fẹ́ lò? Ó ń wá ọwọ́ kiri ni.

ỌmọAjílétéJámánì
Ẹ ṣeun o, ẹ jẹ́ kí n gba ibí kọjá. Lọ́dọ̀ wa níbí, lóṣù kejìlá, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ò tíì lù tí ilẹ̀ á ti ṣú biribiri. Àbúrò mi máa ń fohùn ránṣẹ́ sí mi láti Tákíè lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀kejì ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kíní fún ohun tó ń sọ, ẹ̀ẹ̀kejì fún ariwo tó wà lẹ́yìn ẹ̀, mẹ́gáfóònù àwọn olóògùn, ọ̀kadà, ẹnì kan tó ń kí ẹnì kejì "ẹ kú ọyẹ́". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ń fi ariwo yẹn ṣòfò.

ỌmọTákíè
Kó o wá bá mi gbé e lọ sí Jámánì, orí ń fọ́ mi.

BàbáTamale
Mo ti dàgbà jù yín lọ gbogbo yín, ẹ fún mi láàyè. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Ghana nígbà kan, wọ́n kún Tamale fọ́fọ́, òwò ló gbé wọn débẹ̀. November 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọdé ni mí. Ìlú tí wọ́n ní ó jẹ́ tiwa la dé, mi ò rí i rí, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi ohùn mi ṣẹ̀sín. Bàbá mi tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́, kì í sọ̀rọ̀, kì í jẹun dáadáa.

Àwọn ọkùnrin agbo ilé ló wá fà á dìde pé kó wá wọ àáró. Ṣé ẹ mọ àáró? Lónìí gbogbo wa á lọ roko tìẹ, lọ́la a ó lọ roko tèmi, kò sówó níbẹ̀, ó kàn yí po ni. Bàbá mi ò mọ ọkọ́ lò rárá. Ọwọ́ ẹ̀ bó, wọ́n ń bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ Gold Coast ń họ ilẹ̀ lórí, kò ro ó. Nígbà tó kan oko tiẹ̀, gbogbo wọn yọjú. Títí bàbá mi fi kú, tó bá ń sọ ìtàn 1969, kì í pẹ́ lórí bí wọ́n ṣe lé wa. Ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín lóko ló máa ń sọ, òun náà á sì rẹ́rìn-ín títí á fi máa wúkọ́. Kì í ṣe ẹni tó máa ń pariwo àdúrà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àáró ẹlòmíì, òun ló ń kọ́kọ́ dóko.

KòSówóUnderG
Bàbá, ẹ ṣeun. Eléyìí wọ̀ mí. Mi ò kúrò lórí ohun tí mo sọ nípa àwọn olóṣèlú o.

BàbáTamale
Ta ló ní kó o kúrò níbẹ̀? Dúró síbẹ̀ dáadáa.

ỌmọTákíè
Ó ku ìwọ nìkan tí o ò tíì sọ tìẹ, ọmọ Under G.

KòSówóUnderG
Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìṣirò ni. Tí ọ̀kan bá wà tó ti ń dà mí láàmú, tí mo tú u títí tó wá já lọ́wọ́ òru, mi ò lè jókòó mọ́, ìta ni mo máa ń bọ́ sí kí n lọ máa rìn kiri. Ara mi á fúyẹ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n jí ẹnì kan. Kò wá sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún, àwọn tá a jọ ń gbé á ní orí mi ti dàrú. Ebi ṣì ń pa mí o.

ÀsáláátùSáńdè
Kò sẹ́ni tó o lè sọ ọ́ fún kẹ̀? Ọmọ mi fẹ́ ṣe WAEC lọ́dún yìí, ìṣirò ò wọ̀ ọ́ lórí rárá. Kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, a ó sọ iye tí màá máa fún ẹ.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́
Ọmọ ní ebi ń pa òun, ẹ̀ ń bá a sọ WAEC. Ìwọ, wá sọ́jà ní Sátidé, gbé abọ́ tó ní ìdérí dání. Ìṣirò tèmi náà wà nílẹ̀, àwọn tó jẹ mí lówó kún inú ìwé kan tí mi ò mọ ojú ẹ̀ mọ́dìí ẹ̀ mọ́, o ó bá mi rò ó pọ̀. Má wá láàárọ̀, ọwọ́ mi á ti dí.

KòSówóUnderG
Ẹ ṣé gan-an màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbẹ̀gìrì máa wà níbẹ̀?

ÌyáẸlẹ́lùbọ́
Ẹ wo ẹni tó ní kò sí ìrètí mọ́ nílùú.

StadiumLóńGbé
Ẹ káàárọ̀ màmá, èmi náà mọ ìṣirò o.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́
Ìṣirò wo lo mọ̀?

StadiumLóńGbé
Mo ti ṣírò iye òkèlè tó máa kàn mí.